Ṣé ọ̀rẹ́ àwọn ọ̀dọ́ lè parí ọ̀tá láàárín orílẹ̀-èdè méjì tó múlé ti ara wọn?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ẹ wo Faransé àti Jámánì, láàárín 1870 sí 1945 ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n bára wọn jagun, ọmọ ọwọ́ pàápàá ń bá ìkórìíra yẹn nílé ni. Ní September 1962 de Gaulle, ààrẹ Faransé, lọ bá àwọn ọ̀dọ́ Jámánì ní Ludwigsburg, èdè Jámánì ló sì fi bá wọn sọ̀rọ̀, ọkùnrin tí sójà Jámánì mú lójú ogun ní Verdun ní 1916, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, tí wọ́n sì tì mọ́lé títí ogun fi parí o! Ní January 1963 òun àti Adenauer, olórí ìjọba Jámánì, fọwọ́ sí àdéhùn ọ̀rẹ́ tí wọ́n ń pè ní Élysée, nígbà tó di July wọ́n dá ọ́fíìsì àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀, OFAJ, ìjọba méjèèjì ló jọ ń gbówó ẹ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò le: ọmọ Faransé á lọ gbé lọ́dọ̀ ẹbí kan ní Jámánì, á tẹ̀ lé ọmọ wọn lọ sílé ìwé, tó bá yá ọmọ yẹn náà á wá sílé tiẹ̀. Èmi gbà pé ìdí tábìlì oúnjẹ yẹn gan-an niṣẹ́ wà, torí báwo lèèyàn ṣe fẹ́ máa pe ìyá tó ń gé búrẹ́dì fún un láràárọ̀ ní ọ̀tá? Àwọn ọ̀dọ́ tó ti gba ibẹ̀ kọjá ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án.

Àwọn ará Balkan, ní gúúsù ìlà-oòrùn Yúróòpù, náà ti wò ó kọ́ṣẹ́. Ní 2016 Serbia, Kosovo, Albania àti àwọn mẹ́ta míì dá irú ẹ̀ sílẹ̀, RYCO, Tirana, olú ìlú Albania, ni ọ́fíìsì àgbà wà.