Ẹ má tíì gbé katapílà wọ ilẹ̀ yẹn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìsánlú ní Yàgbà ni mí. Àwa mẹ́jọ kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tí a kọ́ gọ́ọ̀fù gbígbá ní Kàdúná àti Àbújá, ń gbèrò láti ṣe pápá oníhò mẹ́sàn-án sórí ilẹ̀ ẹbí kan. Ilẹ̀ náà tó hẹ́kítà 30. Odò kékeré kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, òkìtì pọ̀ níbẹ̀, àpáta kan yọrí láàárín, igi irú àti igi òrí sì wà káàkiri. Kọ̀ńtírátọ̀ tó wá wò ó ní kí a fi katapílà tẹ́ gbogbo rẹ̀ pẹrẹsẹ, kí a gé igi kúrò, kí a gbẹ́ bọ́hòólù mẹ́fà, kí a sì ra koríko láti òkèèrè. Iye tó dárúkọ ju agbára wa lọ. Pápá bíi ti àtijọ́ ló wù wá. Ṣé ọ̀nà mìíràn wà? Báwo la ó sì ṣe máa tọ́jú rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn?

ÌDÁHÙN: Ọ̀kún o, ẹ̀yin bàbá wa. Ọ̀nà mìíràn wà. Òkìtì tí kọ̀ńtírátọ̀ yín fẹ́ tẹ́ yẹn gan-an ni pápá tí ẹ ń wá. Tí ẹ bá tẹ́ ẹ tán, ẹ ó tún san owó fún un láti mọ òkìtì mìíràn, kò sì ní dára tó èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Old Course ti St Andrews ní Skọ́tláńdì, tí gbogbo onígọ́ọ̀fù ń júbà fún, kò sẹ́ni tó jókòó ya á sórí ìwé. Ilẹ̀ oníyanrìn etí òkun ni. Àgùntàn àti ehoro ló ń jẹ koríko rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n sì máa ń sọ pé ibi tí àgùntàn ń ba sí nítorí atẹ́gùn ló di kòtò oníyanrìn tí a ń pè ní bọ́ńkà. Ihò 22 ni wọ́n ń gbá níbẹ̀ títí di 1764 tí wọ́n sọ ọ́ di 18. Àwọn ayàwòrán pápá tó wá lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn tó gbọ́n nínú wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Alister MacKenzie, tí òun àti Bobby Jones, ògbóǹtarìgì agbágọ́ọ̀fù, jọ ṣe pápá Augusta National ní Amẹ́ríkà, dókítà oníṣègùn ni tẹ́lẹ̀. Ogun àwọn Boer ní Gúúsù Áfíríkà ló ti rí bí àwọn ọ̀tá ṣe ń fi ara pa mọ́ sínú ilẹ̀ tí ojú kò fi rí wọn. Ó gbé ọgbọ́n yẹn wá sídìí gọ́ọ̀fù: ibi tó bá fọwọ́ kàn lára ilẹ̀, ó fẹ́ kó dà bíi pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe kò ní ná yín ju owó aṣọ àlòkù lọ. Ẹ gé èèkàn bí 60. Ẹ so aṣọ pupa mọ́ ìdajì, ẹ so funfun mọ́ ìyókù. Ẹ wá dúró de òjò ńlá kan ní oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí ilẹ̀ ti mu omi yó. Bó bá ti ń dá lọ́wọ́ báyìí, ẹ wọ bàtà rọ́bà, ẹ wọ inú oko náà lọ. Ibi tí omi ń gbà kọjá, ẹ kan aṣọ pupa síbẹ̀. Ibi tó dúró sí, ẹ kan funfun. Ẹ padà lọ lọ́jọ́ kejì, kí ẹ wo àwọn funfun tí omi abẹ́ wọn kò tíì lọ. Àwòrán pápá yín ló wà lójú ilẹ̀ yẹn. Gíríìnì, ìyẹn ibi tí ihò wà tí koríko rẹ̀ kúrú jù lọ, kò gbọdọ̀ sí lórí èèkàn kankan, pupa tàbí funfun. Ẹ wá ibi mẹ́sàn-án tó ga díẹ̀, tí omi lè gba ọ̀nà méjì ó kéré tán kúrò lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí ẹ ó ti máa ṣí bọ́ọ̀lù, ìyẹn ibi tí a ti ń gbá a ní àkọ́kọ́. Fẹ́wéè, ọ̀nà tó so méjèèjì pọ̀, kì í ṣòro rí tí àwọn yòókù bá ti jókòó dáadáa. Kí àpáta yẹn dúró síbi tó wà. Kí bọ́ọ̀lù fò ó kọjá ní ihò kan, kó yà fún un ní òmíràn. Pápá tó lówó lọ́wọ́ ń wá irú àpáta bẹ́ẹ̀, wọn ò rí.

Mo sọ ọ̀rọ̀ katapílà le nítorí pé ó ti ṣẹlẹ̀ lójú mi. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́, tí n kò ní dárúkọ, wọ́n gé orí òkìtì kan, wọ́n fi dí àfonífojì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni iṣẹ́ náà gbà, gbogbo èèyàn sì ń pàtẹ́wọ́. Ohun tí wọn ò rò ni pé ilẹ̀ dúdú tó ń bọ́ koríko, bí àtẹ́lẹwọ́ ló ṣe nípọn ní apá ibi wa. Wọ́n ti rì í sísàlẹ̀ àfonífojì, yangí ló kù lókè. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, omi dúró lórí yangí yẹn bí ìgbà tó wà nínú agbada. Ní ọdún kejì mo fi ọ̀bẹ gé koríko ibẹ̀ wò: gbòǹgbò rẹ̀ kò gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ, ìpele dúdú kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Kò sí ajílẹ̀ tó wo èyí sàn. Ńṣe la tún gbogbo rẹ̀ wú.

Bọ́hòólù mẹ́fà ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Tí a bá da omi sórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, tí omi náà ga tó mìlímítà 1, lítà 1 ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn àti ọyẹ́ lè fa bíi mìlímítà 5 lára koríko lójúmọ́. Gíríìnì kan máa ń tó 500 irú mítà bẹ́ẹ̀, mẹ́sàn-án rẹ̀ jẹ́ 4,500. Lítà 22,500 lójúmọ́ nìyẹn, táńkà onílítà 10,000 méjì àti díẹ̀. Ó wọni lára, àmọ́ ó ṣeé ṣe. Ẹ wá ní ẹ fẹ́ bu omi rin fẹ́wéè náà, kí a fún fẹ́wéè ihò kọ̀ọ̀kan ní hẹ́kítà 1: ó di lítà 450,000. Táńkà 45! Lójoojúmọ́, láti oṣù Kọkànlá títí òjò yóò fi dé. Àpáta ló sì wà lábẹ́ ilẹ̀ wa láti Kábbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀. Ẹni tó ti gbẹ́ bọ́hòólù níbẹ̀ mọ̀ pé omi rẹ̀ kì í sábà yọ púpọ̀. Nítorí náà gíríìnì nìkan ni kí ẹ bu omi rin. Kí fẹ́wéè máa gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Yóò pọ́n, bọ́ọ̀lù yóò máa yí lórí rẹ̀ lọ jìnnà, kódà yóò wù yín. Bí òjò bá dé, yóò tún tutù.

Èyí kì í ṣe ìmọ̀ràn tálákà. Pápá gọ́ọ̀fù Pinehurst No. 2 tó wà ní North Carolina ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ Donald Ross tó ṣí ní 1907, ti di pápá tútù yọ̀yọ̀ bíi ti tẹlifíṣọ̀n nígbà tó yá. Láàárín 2010 sí 2011, àwọn onílé fúnra wọn ní kí wọ́n dá a padà sí bó ṣe wà. Bill Coore àti Ben Crenshaw, àwọn ayàwòrán pápá, hú ọ̀pọ̀ koríko kúrò, wọ́n jẹ́ kí yanrìn àti koríko ìgbẹ́ padà sí ẹ̀gbẹ́ fẹ́wéè, wọ́n sì dín orí ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi kù láti bíi 1,150 sí 450. Ní 2014 ni wọ́n gbá ìdíje US Open ti ọkùnrin àti ti obìnrin níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan tẹ̀lé èkejì.

Pinehurst yìí kan náà ló ní ìdáhùn sí ìṣòro owó yín. Títí di àárín àwọn ọdún 1930, kò ní gíríìnì oníkoríko rárá. Yanrìn ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lé. Ohun tí àwọn tó dàgbà lórí pápá Nàìjíríà mọ̀ sí bíráùn ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe yín ní yẹ̀yẹ́. Tèmi ni pé kí ẹ fi bíráùn mẹ́sàn-án bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa sọ méjì-méjì di oníkoríko lọ́dọọdún bí owó bá ṣe ń wọlé. Ẹ ó fi yangí tí ẹ ti lù le ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí àárín rẹ̀ ga díẹ̀ ju etí lọ kí omi lè sá. Ẹ ó sẹ́ yanrìn odò, ẹ ó dà á lé e kó nípọn bí ìka méjì. Ẹni tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù sínú ihò yóò fi igi gbọọrọ wọ́ ojú ọ̀nà rẹ̀ kó dán. Láyé ọjọ́un, wọ́n máa ń po ọ́ìlì mọ́ yanrìn náà kí atẹ́gùn má gbé e. Ẹ̀yin tí ẹ ní odò nísàlẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ọ́ìlì mọ́tò dán an wò. Omi díẹ̀ láràárọ̀ àti ìgbálẹ̀ ti tó.

Ní ti koríko, bàmúdà ni, àmọ́ kò sídìí tí ẹ fi máa lọ rà á lókè òkun. Pẹ̀lú orúkọ erékùṣù tí wọ́n sọ ọ́, Áfíríkà ló ti wá. Àwọn irú tó fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń gbìn sí gíríìnì, bíi Tifdwarf tó jáde ní 1965, ẹ̀jẹ̀ koríko Gúúsù Áfíríkà wà lára wọn. Ẹ ra ẹ̀ka rẹ̀ lọ́wọ́ pápá kan tó ń ṣe dáadáa ní Nàìjíríà, ẹ rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, ẹ gbìn ín ní oṣù Kẹfà. Kí ẹ tó gbìn ín, ẹ rí i pé ẹ wú èkan tàbí ẹ pa á tán. Gbòǹgbò èkan tó bá kù lábẹ́, ẹ ó máa bá a jà títí.

Ìtọ́jú ojoojúmọ́ kò gba èrò púpọ̀. Ọ̀dọ́ mẹ́ta tó ní sùúrù tó fún pápá oníhò mẹ́sàn-án tó bá jẹ́ bíráùn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ má wá awakọ̀ katakata. Àgbẹ̀ tó ń wo ilẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀ lé e ni kí ẹ wá. Láàárọ̀, tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, ọ̀kan nínú wọn yóò mú ọparun gígùn kan tó rọ̀ lórí, yóò máa fì í lọ fì í bọ̀ lórí gíríìnì kí ìrì lè já bọ́. Ibi tí ọparun kọjá yóò ṣókùnkùn, ibi tí kò tíì dé yóò ṣì máa dán bíi gíláàsì, ẹ ó rí i kedere. Ìrì tó pẹ́ lórí koríko ló ń bí àrùn. Lẹ́yìn náà ni yóò wá gé e. Kí ó kọ́kọ́ fi ìwé pélébé dán ẹnu ẹ̀rọ náà wò: tó bá gé ìwé náà gaara bí abẹ, kó máa lọ, tó bá ń fà á ya, kó lọ pọ́n ọn. Abẹ kíkú máa ń ya orí koríko ni, ọjọ́ kejì gbogbo rẹ̀ á funfun. Gíríìnì lè kúrú tó mìlímítà 5, ti fẹ́wéè lè jẹ́ 25. Ẹ má ṣe gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gígùn rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan, bó ti wù kó ga tó.

Ihò náà, mìlímítà 108 ni ẹnu rẹ̀, bó ṣe wà láti 1891 nìyẹn. Ẹ máa ṣí i nípò ní ọjọ́ méjì-mẹ́ta síra, kí ẹsẹ̀ èèyàn má baà pa ibì kan. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù nígbà òjò, ẹ gún gíríìnì ní ihò kéékèèké, ẹ bu yanrìn tó fẹ́lẹ́ sí i, ẹ fi ìgbálẹ̀ gbá a wọnú. Yanrìn yìí ni Old Tom Morris, tó tọ́jú St Andrews títí di 1903, gbẹ́kẹ̀ lé, kò sì sí oògùn inú ike tó tíì gbapò rẹ̀ lójú tèmi. Ajílẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni, nígbà tí òjò bá ń rọ̀.

Àwọn igi yẹn, ẹ má gé wọn. Àwọn obìnrin ìlú ló ń ṣa òrí àti irú lábẹ́ wọn, ẹ ò sì fẹ́ kí ìjà jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí pápá yín máa bí. Ẹ kàn gbé gíríìnì jìnnà sí òjìji wọn. Iná ìgbẹ́ ńkọ́? Kí oṣù Kejìlá tó dé, ẹ ti ro ààlà yíká, kó fẹ̀ tó mítà 5. Ẹ bá àwọn darandaran sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, lójúkojú, nípasẹ̀ ọba àti àwọn àgbà. Fẹ́wéè gbígbẹ lè fara da màlúù, àmọ́ pátákò kan péré lórí gíríìnì tó tutù, oṣù méjì ló máa gbà kó tó jinná.

Bí òjò bá rọ̀, tí ẹ ti kan èèkàn tán, ẹ ya fọ́tò ibi tí aṣọ pupa àti funfun wà láti orí àpáta yẹn, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, ká jọ wá ibi mẹ́sàn-án náà. Ẹ pe kọ̀ńtírátọ̀ yín síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí bàtà rẹ̀ bá lè wọ ẹrẹ̀.