Èsì: Túùbù amp gìtá tó ń pupa fòò

Okun o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ọ̀kan nínú túùbù EL34 (gíláàsì tó ń fún ohùn lágbára) méjì inú amp gìtá (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè) ṣọ́ọ̀ṣì yín ní Kàbà máa ń pupa fòò bí ìsìn bá ti wọra, ẹ sì ti gbé fáànù tì í. Fáànù ò lè wo àrùn yẹn. Ẹ tètè pa amp náà nígbàkígbà tí túùbù bá pọ́n, torí tiransifọ́mà ló máa jó tẹ̀lé e, ìyẹn sì wọ́n ju túùbù lọ.

Ẹ gbé túùbù méjèèjì pààrọ̀ ihò. Bí pípọ́n náà bá bá túùbù lọ, túùbù ló bàjẹ́. Bó bá dúró sí ihò kan náà, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ yọ túùbù, ẹ tan amp, ẹ fi mítà wọn fóltéèjì ẹsẹ̀ karùn-ún ihò méjèèjì: fóltéèjì òdì (tó wà lábẹ́ òdo) ló sábà máa ń wà níbẹ̀, bíi -30 sí -45 volt. Bí ti ihò yẹn bá lọ sókè sí òdo ju ti èkejì lọ, kàpásítọ̀ tó ń gbé ohùn wá síbẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́ kí iná jò. Ẹ fi tuntun oní-630 volt rọ́pò rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra o: inú amp yẹn lè di 400 volt mú kódà lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́ nínú iná. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ wá àgbà tó ń tún rédíò ayé àtijọ́ ṣe. Àwọn ọmọ tó ń tún fóònù ṣe ò mọ túùbù.