Ìròyìn àbí ìròhìn, ṣé ìyìn wà nínú ẹ̀?

Ẹnì kan bi mí pé ṣé ìyìn tá a fi ń yin èèyàn ló wà nínú "ìròyìn", àti pé tó bá rí bẹ́ẹ̀, báwo ni ìròyìn ikú ṣe wá ń jẹ́ ìròyìn? Ìbéèrè tó dáa ni, àmọ́ kò kan ìyìn rárá o. Ìhìn ni. Ìhìn yẹn náà ló wà nínú Ìhìnrere tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Rò" ní tiẹ̀ ni kéèyàn máa tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, òun náà ló wà nínú rojọ́, ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó ń rojọ́ kì í sọ gbólóhùn kan kó dákẹ́. Ẹni tó bá ro ìhìn ti ròhìn nìyẹn, ibẹ̀ la ti rí ìròhìn, ẹnu wa ló wá sọ "h" di "y".

Àwa ará Abẹ́òkúta ò lè gbàgbé "h" yẹn, torí ilé àwọn oníròyìn tó wà l'Ókè-Ìlèwó, Ìwé Ìròhìn ló ń jẹ́ dòní. Orúkọ ìwé ìròyìn tí Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere ẹgbẹ́ CMS, bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ jáde níbí lọ́dún 1859 ni, ó ń jáde títí rògbòdìyàn Ìfọ́lé, tí wọ́n fi lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere kúrò nílùú, fi dé lọ́dún 1867.

Ibi táwọn ọmọ ìsinyìí ti ń ṣì í lò gan-an ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mo wà n'Ítòkú níjọ́ kan, ọmọbìnrin kan dúró níwájú ìyá aládìrẹ, ó ní "Mà, mo fẹ́ gba ìròyìn nípa aṣọ yìí." Màmá gbé aṣọ tó ń ká sílẹ̀, wọ́n wò ó lójú, wọ́n ní "Ta ló kú?" Owó aṣọ lọmọ ọ̀hún fẹ́ béèrè o! Ìròyìn, nǹkan tó ti ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń rò. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ owó, ẹ ṣáà sọ pé eélòó ni, tó bá jẹ́ bí wọ́n ṣe ń pa á láró lẹ fẹ́ gbọ́, ẹ ní kí wọ́n ṣàlàyé fún yín. Ti ṣọ́ọ̀ṣì, ìfilọ̀, ti ìjọba, ìkéde, tẹ́ ẹ bá sì ń kọ lẹ́tà, ìfitónilétí. Ìwífún, ìyẹn "information" òyìnbó, táwọn onímọ̀ ń kọ sínú ìwé kọ̀ǹpútà dùn-ún kà, àmọ́ mi ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni ní Láfẹ́ńwá, àwọn ọmọ ibẹ̀ á kàn ní "bá mi wá ínfọ́ ẹ̀".

Ẹ tún ṣọ́ra tẹ́nì kan bá ní "wọ́n ti ròyìn ẹ fún mi", ó lè dáa, ó lè má dáa, ojú ẹni tó ń sọ ọ́ lẹ máa wò.

Nínú ìdánwò, "y" ni kẹ́ ẹ kọ. Bàbá mi àgbà, ìròhìn ni wọ́n ń pè é títí wọ́n fi lọ, kò sì sẹ́ni tó gba máàkì lọ́wọ́ wọn.