Onílé ní iná àti omi wà nínú owó ilé: ṣé kí n gbà á?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù tó ń bọ̀ ni mò ń kó bọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ nítorí iṣẹ́. Mo rí self-contain kan nítòsí Sábó. Onílé ní iná, omi àti owó àwọn tó ń kó ilẹ̀ ti wà nínú owó ilé, àmọ́ ó fi 120,000 náírà lé iye tí irú yàrá bẹ́ẹ̀ ń lọ lọ́dún. Ṣé kì í ṣe pé ó fẹ́ rẹ́ mi jẹ?

ÌDÁHÙN: Ìrẹ́jẹ kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀. Nínú iṣẹ́ ilé wíwá tí mò ń ṣe, owó tí onílé fi lé e kì í sábà tó iná tí ayálégbé máa jẹ. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. 120,000 lọ́dún, 10,000 lóṣù nìyẹn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé yúnìtì iná kan fún àwọn tó wà ní Band A (àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún) láti náírà 68 lọ sí 225. Ká fi ìyẹn díwọ̀n: 10,000 yín kò ju yúnìtì 44 lọ. Hot plate olójú kan tó jẹ́ 1,000 watt, tí ẹ bá ń fi dáná fún wákàtí méjì lójúmọ́, á jẹ 60 lóṣù. A ò tíì ka áyọ́ọ̀nù, a ò tíì ka fíríìjì. Onílé á fara dà á fóṣù kan, fóṣù méjì. Tó bá di oṣù kẹta, á ní òun ò fẹ́ rí hot plate mọ́. Bí àdúgbò náà ò bá sì sí ní Band A, yúnìtì á dínwó, ṣùgbọ́n àwọn NEPA (orúkọ wọn ti yí tipẹ́, àwa ò kàn gbà) ò ṣèlérí wákàtí 20 lójúmọ́ fún yín. Ẹ lè ti san owó iná tí ẹ ò ní rí.

Ayálégbé kan gba irú yàrá yìí lójú Títì Ẹdẹ. "Iná wà nínú rẹ̀" nìkan ni wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn. Ló bá gbé firísà wọlé, ó ń ta yìnyín. Ọ̀dọ̀ alága àwọn onílé àdúgbò ni ọ̀rọ̀ náà parí sí, ìwé àdéhùn ò sì gbe ẹnì kankan nínú wọn.

Tí ẹ bá lọ wo ilé, ẹ ní kí wọ́n mú yín débi mítà. Ṣé ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo ilé ń lò? Omi ńkọ́? Sumo kì í fa omi láìsí iná, torí náà ẹ bi í léèrè ẹni tó ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ tí iná bá lọ lọ́jọ́ mẹ́ta. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi fúnra yín, kí ẹ jẹ́ kó ṣàn díẹ̀. Ti ilẹ̀ kíkó, owó kékeré ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó kọ iye yúnìtì sínú ìwé: 44 lóṣù, èyí tó bá lé, ẹ̀yin lẹ ó san án. Sub-mítà, ìyẹn mítà kékeré tó ń ka iná yàrá yín nìkan, ni wọ́n á fi mọ̀ ọ́n. Bí kò bá fẹ́ kọ ọ́, ẹ ní kó yọ 120,000 náà, kí ẹ máa ra yúnìtì tiyín.