Ǹjẹ́ Paraben Inú Ìpara Lè Da Họ́mónù Rú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, apòògùn. Mo rí methylparaben àti propylparaben lára ike ìpara tí èmi àti ọmọ mi olóṣù mẹ́jọ jọ ń lò. Wọ́n ní ó máa ń da họ́mónù rú, ó sì ń fa jẹjẹrẹ ọyàn. Ṣé kí n dà á nù ni?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, ìyá ọmọ. Omi pọ̀ nínú ìpara, ìka wa sì ń wọ inú rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí kò bá sí ohun tó ń dènà ìbàjẹ́, kòkòrò àrùn yóò gbilẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ tí paraben ń ṣe nìyẹn.

Ohun tó ń dẹ́rù bani ni pé ó lè ṣe bí estrogen, họ́mónù obìnrin, nínú ara. Ṣùgbọ́n nínú àyẹ̀wò, estrogen ara wa fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlọ́po lágbára jù ú lọ, ara sì máa ń tú paraben palẹ̀, a ó sì tọ̀ ọ́ jáde. Ní 2004, àwọn olùwádìí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i nínú kókó jẹjẹrẹ ọyàn 20, ariwo sì sọ. Bẹ́ẹ̀ wọn kò fi wé ọyàn tí ara rẹ̀ dá, wọn kò sì fi hàn pé òun ló fa àrùn náà. Ẹni tí a bá níbi ìjà kọ́ ló dá ìjà sílẹ̀.

Àmọ́ oríṣiríṣi paraben ló wà, agbára wọn kò sì dọ́gba. Propyl àti butyl lágbára ju methyl àti ethyl lọ, ìdí nìyí tí òfin Yúróòpù fi gba methyl tàbí ethyl láyè dé 0.4%, tó sì jẹ́ 0.14% péré fún àpapọ̀ propyl àti butyl. Láti 2015 ni òfin náà ti ka àwọn méjèèjì yìí léèwọ̀ nínú ìpara abẹ́ ìlédìí fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, nítorí awọ ibẹ̀ tètè máa ń bó, èròjà a sì ráyè wọlé.

Nítorí náà, ẹ máa lo ìpara yín lọ, ṣùgbọ́n ẹ má fi pa ọmọ níbi tí ìlédìí ń bò. Bí ẹ bá fẹ́ ra èyí tí wọ́n kọ "kò sí paraben" sí, ẹ wo ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Methylisothiazolinone tí àwọn kan sáré lọ mú sú ọ̀pọ̀ ènìyàn lára débi pé Yúróòpù fòfin dè é nínú ìpara tí a kì í ṣàn kúrò lára. Èyí tí kò ní ohunkóhun tó ń dènà ìbàjẹ́ ni ẹ̀rù rẹ̀ bà mí jù: bí òórùn rẹ̀ bá ti yí padà, tàbí tí omi léfòó sórí rẹ̀, ẹ dà á nù.