Ọkọ̀ Kékeré Wo Ni Kí N Rà Fún Ọmọ Tó Ń Kọ́ Mọ́tò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin mi ń kọ́ mọ́tò l'Ákùúrẹ́ níbí, owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ mi, dílà kan wá ń sọ pé kí n gbé jíìpù àtijọ́ kan torí pé ó pọ́ọ́kú. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ah, Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má rà á! Epo tó máa mu nìkan á tán yín lówó, ó tún tóbi jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ẹ wá Toyota Yaris tàbí Kia Picanto, ẹ́ńjìnnì wọn kéré, wọn ò sì ní fún ọmọ náà ní wàhálà tó bá fẹ́ páàkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba. Èmi fẹ́ràn Yaris jù torí ẹ̀yà ara ẹ̀ ò ṣòro rí rà.

Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ lọ wò ó o, ẹ mú mẹkáníìkì tiyín dání, kì í ṣe ti dílà, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó síná sí i, tó bá ti gbóná, a jẹ́ pé wọ́n ti tàn án sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé nìyẹn, ẹ bi wọ́n ìdí ẹ̀. Èéfín tó ń ṣe bíi búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Tó bá jẹ́ ọ̀tò, ìyẹn èyí tó ń pààrọ̀ jíà fúnra ẹ̀, ẹ fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì jíà yọ, tí ọ́ìlì náà bá dúdú tó sì ń rùn bíi nǹkan tó jóná, ẹ yáa máa lọ sílé. Ẹ yẹ pépà kọ́sítọ́ọ̀mù ẹ̀ wò dáadáa kówó tó kúrò lọ́wọ́ yín.