Fóònù Tó Dákú Lórí Update: Ẹ Má Tíì Gbé E Fún Ẹnikẹ́ni

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Èyí tó pọ̀ jù nínú lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí ló dá lórí ọ̀rọ̀ kan náà: ẹ̀rọ ń gba update lọ́wọ́, ìyẹn software tuntun tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fi ránṣẹ́, nǹkan dá a dúró, kò sì tan dáadáa mọ́. Mo ti ṣa mẹ́rin nínú wọn. Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí iṣẹ́ àtúnṣe tí mò ń ṣe ti fi hàn mí. Ẹ̀rọ tí update pa tí kò ṣeé jí mọ́ kò tó nǹkan. Ohun tí àwa èèyàn fi ìkánjú ṣe sí i lẹ́yìn tó ti dúró ló máa ń pa á, òun náà ló sì máa ń gbé fọ́tò àti iṣẹ́ olóhun lọ.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Fóònù Android mi ní update ti dé, mo tẹ̀ ẹ́ pé kó máa gbà á, mo sì lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àmì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é nìkan ló ń gbé wá. Á kú, á tún tan, àmì yẹn náà ni. Ìwọ̀n gbogbo oníbàárà mi ló wà nínú rẹ̀, àti fọ́tò ìkómọ ọmọ mi tí kò sí níbòmíràn. Ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ládùúgbò ní kí n gbé e wá kí òun fláàṣì ẹ̀, pé kò ní pẹ́ rárá. Ṣé kí n gbé e lọ? (Aránṣọ, Ṣágámù)

Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má tíì gbé e lọ. Ó ṣeé ṣe gan-an pé fọ́tò ìkómọ yẹn ṣì wà níbi tí ẹ fi sí.

Abala-abala ni inú fóònù. Android fúnra rẹ̀ ní abala tirẹ̀; fọ́tò, nọ́ńbà àti ìwọ̀n oníbàárà yín ní tiwọn. Abala Android ni update ń kọ nǹkan sí. Bí ìkọ̀wé náà bá wá dojú rú, torí pé bátìrì tán tàbí torí pé àyè kò tó nínú fóònù, Android ni kò ní lè dìde. Àwọn ohun ìní yín lè wà níbẹ̀ láìfarapa, kí wọ́n kàn máa retí ẹni tí yóò ṣílẹ̀kùn.

Ìlẹ̀kùn yẹn gan-an ni kí ẹ ṣọ́. Láti orí Android 10, gbogbo fóònù tuntun tó bá jáde pẹ̀lú rẹ̀ ló ń fi kọ́kọ́rọ́ ti dátà ẹni tó ni ín pa, kọ́kọ́rọ́ náà kò sì sí níbòmíràn ju inú fóònù yẹn lọ. Bí wọ́n bá pa abala dátà rẹ́, kọ́kọ́rọ́ bá a lọ. Ẹni tó bá sọ fún yín pé kí òun kọ́kọ́ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí òun tó wá fi software kan fa fọ́tò jáde, owó yín lásán ló fẹ́ gbà. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí. Èèyàn ti jókòó níwájú tábìlì mi rí, tó ń sunkún nítorí ohùn bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé, èyí tó wà nínú fóònù tí wọ́n ti pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́ kó tó dọ́dọ̀ mi. Kò sí ohun tí mo lè ṣe fún un.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ fi ṣájà tó dára sí i fún wákàtí kan ó kéré tán, ẹ má fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń tan án pọ̀ mọ́ èyí tó ń dín ohùn kù, kí ẹ má sì yọwọ́ títí tí yóò fi gbọ̀n tàbí tí ojú rẹ̀ yóò fi ṣókùnkùn. Ẹ wá fi í sílẹ̀ lórí ṣájà kó máa gbìyànjú. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ fi í sílẹ̀ ni pé láti ìgbà Android 7.0 lọ́dún 2016, Google ti fi ọ̀nà kan lélẹ̀ tó ń jẹ́ kí fóònù ní àyè méjì fún Android. Ó dà bí ilé oníyàrá méjì: ìdílé ń gbé ọ̀kan, wọ́n ń kun èkejì, bí ọ̀dà ìyẹn bá kọ̀ tí kò gbẹ, wọ́n á padà sínú èyí tí wọ́n ti ń gbé. Fóònù tó bá ní irú ètò yìí, tí Android tuntun kò bá dìde lẹ́yìn ìgbìyànjú mélòó kan, á padà sórí ti tẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo fóònù ló ní i, ṣùgbọ́n ẹ kò ní pàdánù ohunkóhun tí ẹ bá fún un láàyè.

Bí kò bá padà, ẹ wọ recovery mode, ìyẹn ojú ewé àtúnṣe tó wà nínú fóònù fúnra rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ fóònù, bọ́tìnnì ìtanná pọ̀ mọ́ èyí tó ń gbé ohùn sókè ló ń gbé e wá. Ẹ mú «Reboot system now» lákọ̀ọ́kọ́. Bí «Wipe cache partition» bá wà níbẹ̀, ẹ lè mú òun náà, kò kan fọ́tò yín. «Wipe data/factory reset» ni kí ẹ sá fún. Nítòsí ara wọn ni wọ́n máa ń wà, bọ́tìnnì ohùn lẹ ó sì fi máa sọ̀ kalẹ̀ látorí ọ̀kan dé èkejì, nítorí náà ẹ rọra, kí ẹ ka ohun tó wà lábẹ́ iná kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn fóònù kan á tiẹ̀ kọ ọ́ sójú pé dátà yín lè ti bàjẹ́, wọ́n á wá fún yín ní «Try again» àti «Factory data reset». «Try again» ni tiyín, kódà bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà.

Bí gbogbo èyí kò bá ṣiṣẹ́, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ fláàṣì lè wáyé, ìyẹn ni kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tún Android kọ sínú rẹ̀. Mi ò ní kí ẹ má ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó ti ẹni tó ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ fóònù tó wà lọ́jà wa ló ń lo ṣípù MediaTek, software kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ SP Flash Tool sì ni àwọn oníṣẹ́ máa ń lò fún un. Nínú rẹ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní láti yan ọ̀nà kan. «Download Only» ni kí ẹ ní kó yàn, kó sì yọ àmì kúrò níwájú userdata nínú àtòjọ ìsàlẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni fọ́tò yín wà. «Format All + Download» ni àwọn tó ń kánjú fẹ́ràn, torí pé kì í bá wọn jiyàn. Kì í ṣe fọ́tò nìkan ló ń pa rẹ́: ó ń pa ibi tí IMEI wà rẹ́ pẹ̀lú, ìyẹn nọ́ńbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń dá fóònù mọ̀. Fóònù á tan, á dán gbinrin, kò sì ní mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan. Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ da IMEI tó wà lára páálí fóònù kọ sórí ìwé. Bí wọ́n bá ní àwọn ti parí, ẹ tẹ *#06#, ẹ fi wé ohun tí ẹ kọ, kí ẹ tó sanwó.

Firmware tí wọ́n fẹ́ lò náà, ìyẹn software tó ń darí ẹ̀rọ, gbọ́dọ̀ jẹ́ ti móẹ̀lì yín gan-an, kó má sì jẹ́ èyí tó pẹ́ ju ti inú fóònù lọ. Ọ̀pọ̀ fóònù kì í gbà kí wọ́n dá òun padà sẹ́yìn. Google kéde irú rẹ̀ ní gbangba lóṣù kẹjọ ọdún 2022: fóònù rẹ̀ tó ń jẹ́ Pixel 6, 6 Pro tàbí 6a tó bá ti gba Android 13 kò lè padà sí Android 12 mọ́.

Bó bá ti ṣí, Àǹtí mi, ẹ kó fọ́tò wọ̀nyẹn síbòmíràn kí ẹ tó pe oníbàárà kankan.

Ọ̀gá, ẹ kú àárọ̀ sà. PS4 wa, ẹ̀rọ tí a fi ń ta géèmù, ń gba update ni wọ́n mú iná. Nígbà tí iná dé, ó ní kí n so USB tó ní fáìlì update mọ́ òun. Mo so ó, ó ní òun kò rí fáìlì kankan. Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ín, kò sí nílé. Ẹ jọ̀ọ́ sà. (Akẹ́kọ̀ọ́, Adó-Èkìtì)

Àbúrò, fi ọkàn balẹ̀. Orúkọ fáìlì ló sábà máa ń fa èyí. Nínú USB yẹn, fódà kan gbọ́dọ̀ wà tó ń jẹ́ PS4; nínú rẹ̀, òmíràn tó ń jẹ́ UPDATE; nínú ìyẹn ni PS4UPDATE.PUP yóò wà. Lẹ́tà ńlá ni gbogbo rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé o ti gbà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà méjì, kọ̀ǹpútà á ti fi (1) kún orúkọ èkejì láìsọ fún ẹ, PS4 kò sì ní dá a mọ̀. Yẹ ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣètò USB náà wò pẹ̀lú: FAT32 tàbí exFAT ni PS4 ń kà. Bó bá jẹ́ NTFS, bí ẹni pé o kò so nǹkan kan mọ́ ọn ni.

Tún ka ohun tó kọ sójú tẹlifíṣọ̀n dáadáa. Fáìlì méjì ló wà lójú ewé PlayStation, ọ̀kan fún update lásán, èkejì, tó tóbi jù, fún títún gbogbo rẹ̀ fi sí i látìbẹ̀rẹ̀. Bí o bá rí «reinstallation» nínú ọ̀rọ̀ tó kọ, èyí tó tóbi ló ń béèrè.

Bí fáìlì bá ti tọ́, pa PS4 pátápátá, tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀. Á dún lẹ́ẹ̀kan, á tún dún lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú àáyá méje. Ìgbà yẹn ni kí o yọwọ́. O ti wọ Safe Mode nìyẹn, ojú ewé àtúnṣe PS4. Fi wáyà so páàdì mọ́ ọn, torí pé páàdì kì í ṣiṣẹ́ láìsí wáyà níbẹ̀. Bí kò bá dá páàdì mọ̀, pààrọ̀ wáyà náà. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà, iná nìkan ló ń gbé, kì í gbé dátà. Nọ́ńbà 3, «Update System Software», ni kí o yàn. Nọ́ńbà 5, «Rebuild Database», náà kì í pa géèmù rẹ́.

Nọ́ńbà 7 ń pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, títí kan ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ bá géèmù rẹ̀ dé. Bó bá di pé òun nìkan ló kù, pe ẹ̀gbọ́n rẹ kí o tó fọwọ́ kàn án. Òun ló ni ín.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ráútà TP-Link iléèwé wa ń gba firmware tuntun, ẹni tó ń bá wa tò ó rí i pé kò tètè parí, ó bá yọ wáyà iná rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò gbé ojú ewé rẹ̀ wá mọ́. (Olùkọ́, Ìlọrin)

Ẹ wo abẹ́ ráútà náà, ẹ ó rí orúkọ móẹ̀lì àti «Ver». Ẹ má fojú kéré Ver yẹn. Orúkọ kan náà lè jẹ́ ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ráútà TP-Link tó ń jẹ́ Archer ló ní ọ̀nà ìgbàlà tí wọ́n ń pè ní TFTP. Ẹ fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, ẹ fún kọ̀ǹpútà ní àdírẹ́sì 192.168.0.66, ẹ pa firewall (ohun tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ohun tó ń tọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé) fún ìgbà díẹ̀, ẹ wá tan software TFTP tí firmware tó tọ́ wà nínú fódà rẹ̀. Orúkọ tí ráútà ń retí ni kí ẹ sọ fáìlì náà; ti Archer C7 V2 ni ArcherC7v2_tp_recovery.bin. Ẹ tẹ reset mọ́lẹ̀, ẹ tan ráútà, ẹ má yọwọ́ títí iná WPS yóò fi tàn. Ó máa fa fáìlì náà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bá mi bẹ oníṣẹ́ yẹn kó jókòó, kó má fọwọ́ kan wáyà iná títí tí ráútà á fi padà bọ̀ sípò.

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní update ló ń pa fóònù, pé kí n máa kọ̀ ọ́. Ọmọkùnrin mi ní kí n máa gbà á. iPhone ni mò ń lò. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? (Ìyá àgbà, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta mà. Ẹ gbọ́ ti ọmọ yín. Ihò tí àwọn olè ń gbà wọlé ni update máa ń dí, fóònù tí owó báǹkì yín sì wà nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣílẹ̀ fún wọn.

Síbẹ̀, ọ̀rẹ́ yín kò purọ́. Lóṣù karùn-ún ọdún 2023, update kan dé sórí àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé HP OfficeJet kan, ojú wọn bá di búlúù, wọ́n kọ 83C0000B, wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn tó ni wọ́n kò ṣe ohun tí kò yẹ. Lóṣù kẹwàá ọdún 2024, app Samsung kan gba update lórí àwọn fóònù Galaxy S10 àti Note 10, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kú, wọ́n ń tan, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì padà bọ̀ sípò àfi ìgbà tí wọ́n pa gbogbo inú wọn rẹ́. Ẹni tó ti kó fọ́tò rẹ̀ síbòmíràn rí tirẹ̀ gbà padà.

Nítorí náà mà, ẹ jẹ́ kí update pé ọjọ́ díẹ̀ níta, kí ọmọ yín kó fọ́tò yín sí iCloud tàbí kọ̀ǹpútà, kí iPhone sì wà lórí ṣájà. Bó bá wá dúró sórí àmì ápù, kó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Bó bá jẹ́ iPhone 8 tàbí èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀, kó tẹ bọ́tìnnì ohùn sókè kó fi sílẹ̀, kó tẹ ti ìsàlẹ̀ kó fi sílẹ̀, kó wá tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi rí àwòrán wáyà àti kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà á bi í léèrè: Update tàbí Restore? Update ni. Restore ń pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Bó bá sì pẹ́ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí àwòrán náà lọ, kó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà parí ohun tó ń gbà, kó sì tún tẹ àwọn bọ́tìnnì náà.

Ẹ̀yin tó bá fẹ́ kọ̀wé nípa irú ọ̀rọ̀ báyìí, ẹ kọ móẹ̀lì ẹ̀rọ náà bó ṣe wà lára páálí tàbí lábẹ́ rẹ̀, ẹ da ohun tó hàn lójú rẹ̀ kọ lẹ́tà dé lẹ́tà, kí ẹ sì sọ gbogbo ohun tí ẹ ti ṣe sí i. Bí ẹnì kan bá ti fọwọ́ kàn án ṣáájú, ẹ sọ ìyẹn náà.